Agbádá Funfun Kan Nínú Ètò Ọdún Mẹ́ta

Kò sí aṣọ tó wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi tí kì í gba òwú sí ọrùn kí omi tó kàn án. Alágbàfọ̀ ni wọ́n, ní Sùúrùlérè, lápá ibi tí èèyàn bá ti rìn díẹ̀ síwájú tí á bọ́ sí Muṣin. Ilé kọ̀ọ̀kan tó ń kó aṣọ wá ló ní òwú tirẹ̀. Òwú pupa ni ti ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè. Pupa àti dúdú tí a lọ́ pọ̀ ni ti tíṣà tó ń gbé níwájú ilé wa. Òwú aláwọ̀ ewé ni ti nọ́ọ̀sì kan tí kì í rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Abẹ́rẹ́ kì í kúrò ní àyà ẹ̀wù bàbá mi. Bí aṣọ bá ti dé, wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á ran òwú náà lẹ́ẹ̀mẹta sí abẹ́ kọ́là, wọ́n á fi eyín já a. Wọn ò kọ orúkọ ẹnì kankan sílẹ̀ rí. Ìyá mi, tí wọ́n ń ta ọṣẹ àti búlúù ní ọjà Yábàá, máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ tí orí wọn bá dàrú báyìí, gbogbo àdúgbò ni yóò wọ ṣòkòtò ara wọn lọ síbi iṣẹ́.

Èmi ò fẹ́ràn òwú yẹn rárá. Mo wà ní fọ́ọ̀mù fóò nígbà náà, mo ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, mo sì rò pé mo gbọ́n ju àwọn tó bí mi lọ. Ojú máa ń tì mí bí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá bá mi délé tí wọ́n sì rí bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń fi eyín já òwú. Ẹ má bínú sí mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, ẹnu mi sì mú bí abẹ.

Ó tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ní kí mọ́tò máa gba apá ọ̀tún nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé kan, màmá onílé wa sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ọkọ wọn ti kú ní ọdún mẹ́rin ṣáájú, àwọn àti ọmọ ọ̀dọ̀ wọn nìkan ló kù tí wọ́n ń gbé lókè. Nígbà ayé ọkọ wọn, “ọmọ mi” ni wọ́n máa ń pe bàbá mi, gbogbo aṣọ ilé wọn ló sì ń wá sọ́dọ̀ wa. Òwú funfun ni tiwọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá onílé ti kú, wọn ò fún wa ní aṣọ kankan mọ́, kódà gèlè. Ọmọ ọ̀dọ̀ wọn ló ń fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ilé, lójú wa báyìí. “Alágbàfọ̀” ni wọ́n sì wá ń pe bàbá mi. A ò mọ ohun tí a ṣe. Ó kéré tán, èmi àti ìyá mi ò mọ̀.

Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọn ò jókòó.

“Alágbàfọ̀, ọkùnrin kan fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù yìí. Rẹ́kọ́ọ̀dù ló fẹ́ máa tà níbẹ̀. Ó kọ ìwé wá, ó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Gbogbo ohun tó fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù mi ṣe fún ọdún mẹ́ta ló wà ńbẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

Bàbá mi gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú sílẹ̀. “Màmá, à á máa fọṣọ ni.”

“Ẹ kọ ọ́ wá. Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá lórí tó nídìí, ẹ jókòó yín. Bí kò bá ní, kí ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí fún wa. Yàrá kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń sùn wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Kànga wà ní àgbàlá, ibẹ̀ náà ni okùn tí a ń sá aṣọ sí wà. Alágbàfọ̀ tí kò ní kànga, tí kò níbi tó máa sá aṣọ sí, kí ló fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ṣe? Nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà, bàbá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń bá àwo sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bó bá di pé wọ́n lé wa, Ògbómọ̀ṣọ́ la ó padà sí, pé oko bàbá wọn ṣì wà ńbẹ̀. Èmi wo yúnifọ́ọ̀mù mi tó fì lórí ìṣó. Ó ku ọdún kan péré kí n jáde ilé ìwé.

“Bàbá, ẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀ fún mi,” mo ní. “Ètò ọdún mẹ́ta? Àwọn tíṣà wa ti kọ́ wa.”

Irọ́ kọ́. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ òwò ti kọ ìbéèrè mẹ́rin sójú pátákó rí. Kí lo ní? Kí lo fẹ́? Ta ló ń bá ọ du oníbàárà? Kí lo máa ṣe ní ọdún kọ̀ọ̀kan? Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkẹta, nítorí pé òun ló wù mí jù.

Ilé ìfọṣọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lápá Kọ́stéènì nígbà náà, dírákílínà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọṣọ. Mo wọ aṣọ ìjáde mi, mo kun pàǹkéèkì, mo sì mú ṣẹ́ẹ̀tì bàbá mi kan lọ síbẹ̀ láìsọ fún ẹnì kan. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ń jẹ ṣíńgọ́ọ̀mù, kò tiẹ̀ wo ojú mi. Ó fi píìnì de bébà tó ní nọ́ńbà mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó fún mi ní ìyókù bébà, ó ní kí n padà wá ní ọjọ́rú. Kíá! Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí òwú, kò sí eyín. Wọ́n lẹ òfin kan mọ́ ògiri pé aṣọ tó bá pé oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn tí ẹni tó ni ín kò wá gbà á, wọ́n á tà á. Mo dúró, mo dà á kọ. Ó wù mí gan-an. Ó dún bí ọ̀rọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn.

Nígbà tí mo gba ṣẹ́ẹ̀tì náà padà, ó le, ó ń dán, ẹ̀rù sì bà mí fún wa. Mo rọra fi í há àárín àwọn tó kù. Bàbá mi rí i láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ṣí kọ́là rẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n gbé e sí imú.

“Ta ló fọ èyí? Kò fọ ọrùn rẹ̀.”

Mo bá jẹ́wọ́. Mo ti ń retí ìgbátí, àfi bí wọ́n ṣe bú sẹ́rìn-ín, tí wọ́n fara ti ògiri. “Ìwọ ọmọ yìí! O gbé ẹ̀wù alágbàfọ̀ lọ fún alágbàfọ̀!” Wọ́n pe ìyá mi kí wọ́n wá gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Inú mi dùn sí i, nítorí pé láti ọjọ́ tí màmá onílé ti sọ̀ kalẹ̀, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín wọn.

Ó wá ku ohun tí a máa ṣe ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Mo ti kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá tí èmi gan-an ò lóye. Bàbá mi ní màmá onílé ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí n fi Yorùbá kọ ọ́, pé bí n kò bá lè sọ ọ́ ní Yorùbá, a jẹ́ pé n kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ṣu ẹnu jọ, mo jókòó sórí àpótí, mo mú bírò. Wọ́n ń lọ aṣọ, èmi ń béèrè.

“Bàbá, ọdún àkọ́kọ́. Kí la fẹ́ ṣe?”

“Òwú pupa,” wọ́n ní. “Ìyàwó rẹ̀ ti lóyún. Bùbá ńláńlá ló ń kó wá báyìí. Kọ ọ́ pé nápíkìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bí òjò bá ti dá.”

Mo wò wọ́n. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

“Tíṣà iwájú ilé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin á wọ sẹ́kọ́ńdìrì lọ́dún kejì. Yúnifọ́ọ̀mù funfun ni. Ọmọ yẹn sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, kọ ọ́ pé kí ìyá rẹ tọ́jú ọṣẹ sílẹ̀ fún wa. Nọ́ọ̀sì, ẹ̀wù ọkùnrin kan ti ń bá tirẹ̀ wá láti oṣù tó kọjá. Kọ ìgbéyàwó síbẹ̀.”

“Nọ́ọ̀sì tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn?”

“Ó ń rẹ́rìn-ín fún ẹnì kan. Kọ ọ́.” Wọ́n fẹ́ eérú kúrò lára áyọ́ọ̀nù. “Bàbá kan tó ń wá láti Ìwáyà, kọ́là rẹ̀ ti ń tóbi jù fún un. Ó ń rù. Má kọ ìyẹn. Ṣáà rán mi létí kí n lọ kí i ní ọjọ́ Àìkú.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ lọ, òwú kan tẹ̀lé òwú kan, ẹni tó máa kó lọ, ẹni tó máa ríṣẹ́, ẹni tó máa fẹ̀yìn tì tí kò ní wọ kọ́là mọ́. Mo ti rò pé àwọn àwọ̀ òwú nìkan ló wà ní orí bàbá mi. Kò sí nǹkan kan tí wọn ò mọ̀ nípa àwọn èèyàn wọ̀nyẹn, bẹ́ẹ̀ wọn ò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan. Ọwọ́ mi ò sinmi. Nígbà tó yá, wọ́n yíjú sí okùn aṣọ tó wà ní àgbàlá.

“Yúnifọ́ọ̀mù tìrẹ náà á kúrò lórí okùn yẹn lọ́dún tó ń bọ̀,” wọ́n ní. “Kọ ìyẹn náà.” Ohùn wọn rẹlẹ̀. Ó dùn mí lọ́kàn, ó sì dùn mọ́ mi, n kò mọ èyí tó ju èkejì lọ.

“Ọdún kẹta ńkọ́?”

“Agbádá funfun kan.”

“Ti ta ni?”

“Ṣáà kọ ọ́.”

Mo kọ ọ́. Mo wá ka gbogbo rẹ̀ sókè fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, àti òfin tí mo dà kọ láti Kọ́stéènì, tí mo ti fi sí ìparí bí ẹni fi òróró sí ọbẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, ojú wọn yí padà.

“Yọ ìyẹn kúrò.”

“Bàbá, ibi iṣẹ́ gidi ló máa ń ní òfin.”

“Mo ní kí o yọ ọ́.”

“Ẹ wo ẹ̀yìn àpótí yìí! Ó kún fún aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò béèrè. Ẹni tó bá wọlé síbí á rò pé ilé àkísà ni!”

Wọn ò pariwo mọ́ mi. Bàbá mi kì í pariwo. Wọ́n kàn mú áyọ́ọ̀nù wọn padà. Inú bí mi pé wọn ò ṣàlàyé. Nígbà tí mo wá ń dà á kọ sínú ìwé tó mọ́, n kò yọ òfin náà kúrò. Mo ní bó bá yá, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Orí kunkun gbáà ni mo ní, n kò lè purọ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì náà pé, ní ọjọ́ Àìkú, a gòkè lọ sí pálọ̀ màmá onílé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Fọ́tò ọkọ wọn tóbi lára ògiri, wọ́n wọ agbádá funfun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi jókòó sí etí àga. Màmá onílé ní kí n kà á, wọ́n sì di ojú wọn.

Mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi nápíkìnì, wọ́n mi orí. Nígbà tí mo dé ibi ìgbéyàwó nọ́ọ̀sì, ẹnu wọn fẹ́ fà sí ẹ̀rín, wọ́n sì ní, “Nínú aṣọ lẹ ti rí ìyẹn?” Bàbá mi ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.” Ara mi ti ń yá gágá. Mo ka agbádá funfun, mo sáré kọjá lórí rẹ̀, nítorí pé òfin mi ló kù. Mo tiẹ̀ gbé ohùn sókè. Mo ní aṣọ tó bá ti pé oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wa tí ẹni tó ni ín kò wá gbà á, a ó tà á.

Màmá onílé la ojú. Èmi kọ́ ni wọ́n wò.

“Ṣé bí ẹ ṣe ta ti ọkọ mi nìyẹn?”

Bàbá mi gbé orí sókè.

“Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbé agbádá yẹn sọ̀ kalẹ̀ fún yín,” wọ́n ní, wọ́n ń tọ́ka sí fọ́tò. “Èmi ni mo bá wọn ká a. Ọjọ́ Ajé, wọ́n kú. Àwọn ará ilé wọn dé, wọ́n pín gbogbo aṣọ wọn, títí dé fìlà. Ìyàwó kì í dá sí i. Mo jókòó nínú yàrá, mo ń retí kí agbádá yẹn jáde nínú ẹrù, kí n tiẹ̀ fojú rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò jáde. Mo ní alágbàfọ̀ ti tà á. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń dúró kí ẹ wá bẹ̀ mí.”

Háà! Ká ní ilẹ̀ lè lanu, ǹ bá wọ inú rẹ̀. Mo wo bàbá mi, mo ń retí kí wọ́n sọ pé irọ́ ni. Wọ́n dìde, wọ́n jáde. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn. Mo rò ó pé a ti ba tiwa jẹ́ nìyẹn, pé èmi ni mo fi ẹnu ara mi lé wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Wọ́n padà wá pẹ̀lú ẹrù kan tí wọ́n fi bébà wé, tí wọ́n fi òwú funfun dì. Ẹ̀yìn àpótí tí mo pè ní ilé àkísà ló ti jáde. Wọ́n gbé e sórí itan màmá onílé, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Màmá, mo parọ́. Nígbà tí àwọn ará ilé Bàbá wá béèrè, ṣẹ́ẹ̀tì méjì ni mo kó fún wọn. Mo ní ó tán. Mo mọ̀ pé bí agbádá yìí bá bá wọn lọ, ẹ ò ní fojú kàn án mọ́ láéláé. Mo ní bí ẹ bá ṣe opó tán, màá gbé e fún yín. Ẹ ṣe opó tán, ẹ ò kí mi mọ́. Ẹ̀rù wá bà mí pé ẹ ó ní mo jí i ni. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nìyẹn.”

Màmá onílé tú òwú náà. Agbádá náà rún, ọrùn rẹ̀ ti dúdú, omi obì ta sí apá kan rẹ̀. Èmi ọmọ alágbàfọ̀, ojú tì mí. Mo ní ṣé ó yẹ kí wọ́n gbé aṣọ tó dọ̀tí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ni ín?

“Mi ò fọ̀ ọ́, Màmá,” bàbá mi sọ láti ilẹ̀. “Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun nìkan ni aṣọ tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ tí mi ò fọ̀.”

Màmá onílé gbé e súnmọ́ imú. Áṣáà ni bàbá onílé máa ń fín, òórùn rẹ̀ ò sì tíì kúrò níbẹ̀, èmi náà gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró. Màmá onílé fi ojú pamọ́ sínú aṣọ náà, èjìká wọn ń mì. “Wọ́n wà ńbẹ̀,” wọ́n ń sọ. “Háà, wọ́n wà ńbẹ̀.” Èmi náà bú sẹ́kún, n kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé ojú sókè. “Dìde, ọmọ mi,” wọ́n sọ fún bàbá mi. Wọ́n wá wò mí. “Ìwọ, oníwèé. Gbogbo ohun tó wà nínú ètò yín ló dáa. Yọ òfin yẹn kúrò.” Mo fi bírò pa á rẹ́ títí bébà fi ya.

Onírẹ́kọ́ọ̀dù wá ibòmíràn lọ. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìró àti bùbá màmá onílé wá sí ṣọ́ọ̀bù, bàbá mi sì tún yọ òwú funfun jáde. A lẹ ètò náà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń kó eèédú sí. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣẹ. Nápíkìnì dé ní tòótọ́, ti ìbejì sì ni. Nọ́ọ̀sì ṣègbéyàwó. Ṣùgbọ́n tíṣà kó lọ sí Ìbàdàn kí ọmọ rẹ̀ tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì, dírákílínà Kọ́stéènì sì gba àwọn kan lọ́wọ́ wa. Bàbá Ìwáyà, tí bàbá mi lọ ń kí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, padà sanra. Èmi jáde ilé ìwé, mo ríṣẹ́ akọ̀wé, mo gba yàrá ní Jíbówú.

Mo wálé ní Sátidé kan ní ọdún kẹta. Bàbá mi ń lọ aṣọ, mo ń sọ fún wọn nípa ọ̀gá mi, nígbà tí màmá onílé sọ̀ kalẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni, wọn ò rán ọmọ ọ̀dọ̀. Wọ́n gbé agbádá náà lé apá méjèèjì.

“Ọmọ mi,” wọ́n ní, “bá mi fọ̀ ọ́ wàyí.”

Bàbá mi gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. “Ṣé ó dá yín lójú, Màmá?”

“Ó ti tó.”

Bàbá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn fọwọ́ kàn án. Wọ́n fọ ọrùn rẹ̀ fúnra wọn, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àtàǹpàkò. Wọ́n ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n rì í sínú búlúù, wọ́n fi sítáàṣì sí i, wọ́n sá a sórí okùn, wọ́n sì dúró tì í ní àgbàlá bí ẹni pé ẹnì kan máa wá gbé e. Èmi lọ síbi ògiri, mo wo ètò wa. Èéfín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, àmọ́ ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣì hàn níbi ọdún kẹta.

“Bàbá,” mo pè wọ́n. “Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Mo kàn ń retí rẹ̀ ni.”

Wọ́n ní kí n mú bírò, kí n fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé a ti ṣe é.